Bá a ṣe ń wọn tánsíọ̀n nílé, àti ọ̀rọ̀ oògùn ẹ̀

Ẹ̀yin ará Àjàṣẹ́, tẹ́ ẹ bá fẹ́ wọn tánsíọ̀n (ìfúnpá ẹ̀jẹ̀) nílé, ẹ má sáré ti ọjà Wàndó dé kẹ́ ẹ wá fi ẹ̀rọ sápá lójú ẹsẹ̀ o, irọ́ ló máa pa. Ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú 5 ná, ẹ fẹ̀yìn ti àga, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, ẹ gbápá lé tábìlì kó ṣe déédéé àyà, ẹ má sọ̀rọ̀ rárá (ìyá mi ò lè ṣèyí láéláé, á máa bá ẹni tó ń ta àkàsà lójúde sọ̀rọ̀ ni). Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Tí dókítà bá ní 14 lórí 9, òun náà ni 140 lórí 90 tó wà lójú ẹ̀rọ. Nílé, tó bá ń tó 135 lórí 85 lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ lọ rí dókítà.

Oògùn ńkọ́? Ojoojúmọ́ ni, bí ara tiẹ̀ yá. Ibí lọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe: wọ́n wọ̀n ọ́n, ó ti wálẹ̀, wọ́n bá ju oògùn sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ oògùn yẹn gan-an ló gbé e wálẹ̀. Nínú àwọn oògùn tánsíọ̀n, amlodipine lè mú ẹsẹ̀ wú, captopril lè fa ikọ́ gbígbẹ, aboyún ò sì gbọdọ̀ lò ó. Ẹ ní kí dókítà pààrọ̀ ẹ̀, ẹ má dá a dúró fúnra yín. Iyọ̀ ò gbọdọ̀ ju ṣíbí kékeré kan lójúmọ́, iyọ̀ inú kúùbù ọbẹ̀ wà nínú ẹ̀ o. Tó bá kọjá 180 lórí 120, tí àyà ń dùn yín tàbí tẹ́nu wọ́, ọsibítù lójú ẹsẹ̀.