Bí Mo Ṣe Yẹ Omi Kànga Wa Wò Nítorí Náítíréètì

Nígbà tí ọmọ àbúrò mi obìnrin pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, tí ọmú nìkan kò sì yó o mọ́, omi kànga ẹ̀yìnkùlé ni ìyá rẹ̀ fi ń po wàrà inú agolo fún un. Èmi ni mo gbà á nímọ̀ràn pé kí ó máa se omi náà, kí ó sì jẹ́ kí ó pẹ́ lórí iná. Ìmọ̀ràn yìí ń pa kòkòrò tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru lóòótọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí mo kàwé síwájú sí i, mo rí i pé ó léwu bí náítíréètì, èròjà kan tí ó lè ṣe ọmọ ọwọ́ ní jàǹbá, bá wà nínú omi, nítorí pé omi ni ooru iná ń gbé lọ, kì í gbé náítíréètì. Bí omi ìkòkò bá gbẹ dé ìdajì, ìlọ́po méjì náítíréètì ni yóò wà nínú lítà kọ̀ọ̀kan èyí tí ó ṣẹ́kù. Ọjọ́ náà gan-an ni mo pinnu láti yẹ omi wa wò.

Omi náà mọ́ gaara, bẹ́ẹ̀ ni náítíréètì kò ní àwọ̀, òórùn tàbí adùn tí ènìyàn lè fi mọ̀ ọ́n. Inú ajílẹ̀, ìgbẹ́ ẹran àti ihò ṣáláńgá ni ó ti máa ń wá. Òjò a fọ̀ ọ́ wọnú ilẹ̀, ilẹ̀ kì í sì í dì í mú, títí yóò fi dé ibi tí omi kànga wà. Kànga tí kò jìn ni ó tètè máa ń kó o. Kànga tiwa kò jìn, ọgbà ẹran sì wà lókè rẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti da gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ wá sí ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Bébà pélébé tí a fi ń yẹ omi wò ni mo kọ́kọ́ lò. Mo tì í bọ omi, mo yọ ọ́, mo dúró fún ìwọ̀n àkókò tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀, mo sì fi àwọ̀ rẹ̀ wé àwọn àwọ̀ tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀, ṣùgbọ́n àárín àwọ̀ méjì ni ó bọ́ sí, n kò sì lè gbé ìlera ọmọ ọwọ́ lé irú èsì bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe lọ gba ìgò mímọ́ ní ilé àyẹ̀wò. Mo fọ ọwọ́ mi, mo bu omi náà kí ẹnikẹ́ni tó da oògùn kankan sí i, n kò fi ọwọ́ kan inú ìgò tàbí inú ìdérí rẹ̀, mo kọ ọjọ́ àti wákàtí sí i lára, mo sì fi yìnyín yí i ká, nítorí pé kòkòrò inú omi lè yí èròjà náà padà bí ó bá gbóná. Ọjọ́ náà ni mo gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé èsì ni 18. Ọkàn mi balẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé mílígíráàmù 50 nínú lítà kan ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, fi ṣe òdiwọ̀n. Nígbà tí mo tún ìwé náà wò ni mo rí lẹ́tà N kékeré kan lẹ́yìn orúkọ èròjà náà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìwọ̀n náítírójìn inú náítíréètì nìkan ni wọ́n kà, kì í ṣe odindi náítíréètì. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ odindi rẹ̀ yóò sọ ọ́ di ìlọ́po 4.43, èyí tí ó sọ 18 wa di nǹkan bí 80. Bí a bá fi náítírójìn kà á, 50 ti WHO kò ju nǹkan bí 11 lọ, ti Amẹ́ríkà sì jẹ́ 10. Lójú tèmi, kò sí ibi tí ènìyàn ti lè ṣìnà tó ibí yìí: nọ́ńbà kan náà lè túmọ̀ sí àlàáfíà, ó sì lè túmọ̀ sí ewu.

Ewu náà le jù lára ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà. Kòkòrò inú ìfun rẹ̀ lè sọ náítíréètì di náítíráìtì, èyí tí yóò wọ inú ẹ̀jẹ̀, tí yóò sì ba èròjà pupa tí ń gbé ọ́síjìn káàkiri ara jẹ́. Ètè àti èékánná ọmọ a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bí aró, mímí a sì ṣòro fún un. Ó lè pa á bí wọn kò bá tètè tọ́jú rẹ̀. Ọdún 1945 ni dókítà Hunter Comly ní ìpínlẹ̀ Iowa kọ̀wé nípa àwọn ọmọ ọwọ́ tí omi kànga sọ di bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo ṣàlàyé fún àbúrò mi, ó wò mí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kí n máa sè é kí ó pẹ́.” Mo bẹ̀ ẹ́. A gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà; wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kò sí nǹkan tí ó ṣe é. Láti ìgbà náà ni a ti ń fi omi inú ìgò, tí wọ́n kọ ìwọ̀n náítíréètì rẹ̀ sára ìgò náà, po wàrà rẹ̀.

Oògùn apakòkòrò kì í mú náítíréètì kúrò, asẹ́ eléèédú lásán kò sì lè sẹ́ ẹ. Asẹ́ tí ń fi agbára ti omi gba inú awọ tín-ínrín kọjá ni a rà. A kó ìgbẹ́ ẹran kúrò lókè kànga pẹ̀lú, ṣùgbọ́n èyí tí ó ti wọlẹ̀ kì í tètè tán: lẹ́yìn òjò ńlá kan, mo tún bu omi kànga lọ fún àyẹ̀wò, 21 ni wọ́n rí. Omi tí ó gba inú asẹ́ jáde ni mo gbé lọ lẹ́yìn ìyẹn. Kí n tó ka nọ́ńbà rẹ̀, mo kọ́kọ́ wá lẹ́tà N náà. Ó wà níbẹ̀, 2 ni èsì rẹ̀, mo sì kọ ọjọ́ tí a ó pààrọ̀ awọ asẹ́ náà sára ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.