Ẹ bi dókítà nípa spleen kẹ́ ẹ tó buwọ́ lùwé iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ àpòlúkù

Tí wọ́n bá ní àwọn máa gé àpòlúkù ìyá yín torí jẹjẹrẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì buwọ́ lùwé. Ẹ kọ́kọ́ bi dókítà pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ máa yọ spleen mọ́ ọn ni? Kí ló dé?"

Spleen yẹn ò ju ìkúùkù èèyàn lọ, abẹ́ egungun ìhà òsì ló wà, ó fara ti àpòlúkù pẹ́kípẹ́kí, òun ló ń bá wa sẹ́ ẹ̀jẹ̀ tó sì ń bá kòkòrò àìsàn jà. Àwọn dókítà máa ń yọ ọ́ tẹ́lẹ̀ torí jẹjẹrẹ tó bá wà lókè àpòlúkù lè ràn dé àwọn kókó kéékèèké (lymph nodes) tó wà lẹ́nu ọ̀nà spleen náà. Ṣùgbọ́n wọ́n dán an wò ní Japan, èèyàn 505, wọ́n yọ tàwọn kan wọ́n fi tàwọn tó kù sílẹ̀, èsì ẹ̀ jáde lọ́dún 2017: lẹ́yìn ọdún 5, 75.1% àwọn tí wọ́n yọ tiwọn ló ṣì wà láyé, àwọn tí wọn ò yọ tiwọn jẹ́ 76.4%. Wàhálà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ wá ńkọ́? 30.3% lára àwọn tí wọ́n yọ tiwọn, 16.7% péré lára àwọn tí wọn ò yọ tiwọn! Kí la wá jèrè?

Àmọ́ o, jẹjẹrẹ tàwọn yẹn ò tíì dé etí àpòlúkù lápá òsì, lọ́dọ̀ spleen. Tó bá ti débẹ̀, tàbí tó ti lẹ̀ mọ́ spleen fúnra ẹ̀, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ àlàyé dókítà.

Tí wọ́n bá máa yọ ọ́ lóòótọ́, abẹ́rẹ́ àjẹsára ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè, ti pneumococcus (kòkòrò tó ń fa òtútù àyà), ti meningitis (àrùn yírùnyírùn) àti ti Hib (kòkòrò míì tó ń fa irú àìsàn bẹ́ẹ̀), ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Tí kò bá ṣeé ṣe, ọ̀sẹ̀ 2 lẹ́yìn ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá délé, ibà ò ní ṣe "ẹ jẹ́ ká wò ó di àárọ̀" mọ́. Tí ara màmá bá gbóná, tí tẹmómítà bá ka 38, kódà kó jẹ́ aago méjì òru, ọsibítù ni o, kì í ṣe kẹ́míìsì, kẹ́ ẹ sì sọ fún nọ́ọ̀sì lẹ́nu ọ̀nà pé, "Wọn ò ní spleen mọ́." Torí kòkòrò lè gba inú ẹ̀jẹ̀ wọn kan láàárín wákàtí díẹ̀. Ibà ẹ̀fọn náà máa ń le fún wọn gan-an, nítorí náà inú nẹ́ẹ̀tì ni kí wọ́n máa sùn, tó bá sì jẹ́ London ni wọ́n ń gbé tí wọ́n fẹ́ wálé, kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ oògùn tó ń dènà ibà kí wọ́n tó wọ bàálù.