Òtẹ́ẹ̀lì tí àgùnfọn ń kọjá níwájú yàrá: bí mo ṣe mú ìyá mi lọ sí Animal Kingdom Lodge

Àwa Yorùbá tó wà ní Amẹ́ríkà kì í sábà ro ti ibi tí a máa sùn bí a bá ń mú ọmọ lọ sí Disney ní Florida. Òtẹ́ẹ̀lì tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n lẹ́bàá títì ti tó, kí a ṣáà ti rí ibi forí lé lálẹ́. Tiwa ní láti yàtọ̀ nítorí pé ìyá mi wá kí wa láti ilé. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, orúnkún ń dùn wọ́n, ìyà ni yóò sì jẹ́ fún wọn kí wọ́n máa rìn nínú oòrùn láti àárọ̀ dalẹ́, kí wọ́n tún wá tò sórí ìlà fún ohun ìṣeré tí wọn ò ní gùn. Ibi tí òtẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ìran wíwò ni mo ń wá. Mo rí i ní Disney's Animal Kingdom Lodge, mo sì fẹ́ ṣàlàyé bí mo ṣe ṣe é, nítorí ẹni tó bá ní òbí àgbà tàbí ọmọ wẹ́wẹ́ lọ́dọ̀.

Ilé méjì ló wà níbẹ̀. Jambo House ni àgbà, ọdún 2001 ni wọ́n ṣí i. Kidani Village tẹ̀ lé e ní 2009. Peter Dominick ló ya àwòrán Jambo House, ó sì tẹ ilé náà kọrọdọ yí pápá ká, kí ọ̀pọ̀ yàrá lè kọjú sí àwọn ẹranko. Pápá mẹ́rin ni wọ́n pín in sí: Arusha, Uzima, Sunset àti Pembe. Ẹranko àti ẹyẹ tó wà níbẹ̀ lé ní 200: àgùnfọn, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà, oríṣiríṣi ẹtu, ògòǹgò, túùkú pupa, màlúù oníwo ńlá. Kò sí kìnnìún níbẹ̀ o. Inú ọgbà Animal Kingdom tí kò jìnnà síbẹ̀ ni kìnnìún wà.

Ọ̀rọ̀ yàrá ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú. Yàrá kan lè kọjú sí ibi ìgbọ́kọ̀sí tàbí ọgbà òdòdó, òmíràn sí ibi ìlúwẹ̀ẹ́, òmíràn sí pápá ẹranko. Ti pápá ló wọ́n jù. Tèmi ni pé bí owó ò bá ká a, kí ẹ dín iye ọjọ́ tí ẹ máa lò kù, ẹ má ṣe fi yàrá onípápá sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá gba yàrá tó kọjú sí ọkọ̀ yóò ṣì lè lọ wo ẹranko níta, ṣùgbọ́n àgbàlagbà tó jókòó sórí bálíkónì tirẹ̀ pẹ̀lú ìborùn àti tíì gbígbóná kò ní láti wọ bàtà kó tó rí nǹkan kan.

Ọ̀nà kan wà láti fi dín owó náà kù. Ẹgbẹ́ Disney Vacation Club ló ni àwọn yàrá Kidani Village àti àwọn kan lókè Jambo House. Póíǹtì ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ fi ń gba yàrá; àwọn tó bá ní èyí tí wọn ò ní lò lọ́dún náà máa ń fi yá ẹlòmíì, iye tí wọ́n ń gbà sì sábà máa ń kéré sí ti òtẹ́ẹ̀lì. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé owó tí ẹ bá ti san kì í sábà ṣe é gbà padà. Ẹni tí ọjọ́ ìrìn àjò rẹ̀ kò bá tíì dúró sójú kan, kó má fọwọ́ kàn án. Ọ̀nà yìí ni mo gbà rí yàrá onílé ìdáná ní Jambo House. Mo tún bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún wa ní yàrá tó sún mọ́ ẹ̀rọ agbéniròkè, torí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀dọ́ pàápàá yóò mí kanlẹ̀.

Láti Atlanta, I-75 ni a gbà, nǹkan bí wákàtí méje sí mẹ́jọ pẹ̀lú ìsinmi. Ògì àti mọ́ínmọ́ín wà nínú kúlà. Bí a ṣe wọ Florida, a yà síbi tí wọ́n ti ń kí àlejò káàbọ̀, wọ́n fún wa ní omi ọsàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ní òtẹ́ẹ̀lì, ẹni tó bá gba yàrá ẹgbẹ́ yìí kì í wọlé kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. A tètè dé, kò sì sí wàhálà, torí gbọ̀ngàn àbáwọlé nìkan tó wò fún odindi wákàtí kan.

Ibẹ̀ ni Màmá ti rí Ijele. Eégún ńlá àwọn Ìbò ni, ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 16, ó dúró sínú gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì ní Florida. Wọ́n rìn yí i ká, wọ́n ń wo àwọn aṣọ aláràbarà, àwọn ère kéékèèké tó kún ara rẹ̀, àti òjòlá tó pààlà sí àárín òkè àti ìsàlẹ̀. "Eégún Ìbò rèé! Ta ló gbé e débí?" Mo sọ fún wọn pé UNESCO ti kọ ọ́ sínú ìwé àjogúnbá aráyé ní 2009, bí wọ́n ṣe kọ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tiwa náà. Iṣẹ́ ńlá ni nílé lọ́hùn-ún: nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọkùnrin ló ń fi oṣù mẹ́fà kọ́ ọ, tí wọ́n sì ń kọ́ ilé tí yóò máa gbé. Inú mi dùn gidigidi pé ohun tó kọ́kọ́ dá Màmá dúró níbẹ̀ ti ọ̀dọ̀ wa wá, wọn ò tíì dé ibi ẹranko rárá nígbà náà.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ọjọ́ tí mo torí rẹ̀ náwó. Màmá ti gbàdúrà tán kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n wà lórí bálíkónì. Kùrukùru ṣì wà lórí koríko. Àgùnfọn kan yọ láti ẹ̀yìn igi, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ọmọ mi obìnrin ló kíyè sí ẹsẹ̀ rẹ̀: méjèèjì apá ọ̀tún ló ń gbé pọ̀, kó tó wá gbé méjèèjì apá òsì. Ìdí nìyẹn tí ara rẹ̀ fi ń fì bó ṣe ń rìn. Ó dúró síbi igi kan, ó yọ ahọ́n dúdú gbọọrọ, ó fi wé ẹ̀ka, ó sì bó ewé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. A ń gbọ́ bó ṣe ń jẹun. Màmá ò sọ̀rọ̀ títí ó fi kọjá. Nígbà tí ògòǹgò tẹ̀ lé e, wọ́n pàtẹ́wọ́: "Ògòǹgò lọba ẹyẹ!" Ọmọdé ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ, ọjọ́ náà ni wọ́n kọ́kọ́ fojú rí i.

Ojú ò rí ọgbà kankan láàárín àwa àti wọn. Kòtò àti òkúta tí wọ́n fi koríko bò ni wọ́n fi ya pápá sọ́tọ̀. Ẹ kìlọ̀ fún ọmọ yín dáadáa: a kì í ju oúnjẹ tàbí ohun ìṣeré láti orí bálíkónì, ẹranko lè gbé e mì.

Bí oòrùn bá ti mú, àwọn ẹranko á wọ abẹ́ ibòji, kì í sí ohun púpọ̀ láti wò. Ìgbà náà ni àwọn ọmọ lọ lúwẹ̀ẹ́, tí Màmá sì sùn. Nígbà tó rọlẹ̀, a jáde lọ sí Arusha Rock, àpáta tó yọ sínú pápá. Ọmọ Botswana kan ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ó kọ orúkọ ìlú rẹ̀ sí àyà. Ó kí Màmá ní "Mma", ó tẹrí ba, ọ̀rọ̀ sì wọ̀ láàárín wọn. Màmá ní màlúù Fúlàní náà ní ìwo, ṣùgbọ́n èwo ni ti irú eléyìí? Ó ṣàlàyé pé Ankole ni, láti agbègbè Uganda, pé ihò wà nínú ìwo náà, ẹ̀jẹ̀ tó ń gba inú rẹ̀ kọjá ló ń jẹ́ kí ara màlúù tutù. Màmá bi í bí àwọn òbí rẹ̀ ṣe wà, ó fi fọ́tò wọn hàn nínú fóònù rẹ̀.

Ti oúnjẹ: Boma ni ibi tí èèyàn ti ń bù fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ fẹ́ràn omi èso tí wọ́n ń pè ní Frunch láàárọ̀. Ẹ dárúkọ sílẹ̀ ní 60 ọjọ́ ṣáájú, torí ó máa ń kún. Ẹni tí kò bá sùn níbẹ̀ náà lè wá jẹun, kó sì wo ẹranko láti Arusha Rock, ọgbọ́n tó dáa nìyẹn fún ẹni tí owó yàrá bá wọ̀ lọ́rùn.

Àwa àti àwọn ọmọ lọ sí ọgbà Animal Kingdom lọ́jọ́ kẹta, a ò ra tíkẹ́ẹ̀tì fún Màmá. Bọ́ọ̀sì òtẹ́ẹ̀lì ọ̀fẹ́ ni, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló gbà wá. Àlejò òtẹ́ẹ̀lì ń wọlé ní ìdajì wákàtí ṣáájú àwọn tó kù, nítorí náà a tètè wà lórí ìlà Kilimanjaro Safaris, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé èèyàn lọ wo ẹranko, òun ni a sì kọ́kọ́ gùn. A rí kìnnìún, ó dára. Àmọ́ nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ni, ọkọ̀ kì í dúró pẹ́, ẹ kò sì lè bẹ awakọ̀ pé kó jẹ́ kí ẹ wo àgùnfọn kan jẹun tán.

Aago mọ́kànlá ni a gbọ́dọ̀ jáde ní yàrá. Wọ́n bá wa tọ́jú ẹrù, a sì lọ jẹun ọ̀sán ní Sanaa ní Kidani, níbi tí fèrèsé ti kọjú sí pápá. Ẹ béèrè búrẹ́dì oríṣi márùn-ún tí wọ́n ń gbé wá pẹ̀lú ọbẹ̀ kéékèèké mẹ́sàn-án. Màmá yan èyí tó ta jù, wọ́n sì ní kí wọ́n gbé òmíràn wá. A kúrò níbẹ̀ ní nǹkan bí aago méjì, kí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ìrọ̀lẹ́ tó dé sórí I-4.