Bí mo ṣe tún ọ̀dà tí mo bàjẹ́ lára báńpà Corolla mi ṣe

Ọ̀dà ṣàn wálẹ̀ lára báńpà mi bí omijé ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nà, ìlà mẹ́ta gbọọrọ, lápá ọ̀tún níbi tí gbogbo ayé yóò ti rí i. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ló ha báńpà náà ní Sábó, n'Ìkòròdú níbí, mo sì ní èmi fúnra mi ni màá fọ́n ọn. Mo wo kóòdù ọ̀dà lára bébà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn awakọ̀: 1F7, fàdákà Toyota. Mo ra ọ̀dà agolo méjì àti kílíà kan, ìyẹn ọ̀dà tí kò láwọ̀ tí wọ́n ń fọ́n sórí ọ̀dà kó lè máa dán, mo sì bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe ṣíṣàn nìkan. Ihò wínníwínní ṣí káàkiri ojú ọ̀dà, bí ìgbà tí òróró bá léfòó lórí omi. Nígbà tí mo sì ṣí tépù kúrò ní igun báńpà, ọ̀dà bá a lọ bí èèpo àlùbọ́sà.

Mo mú tínà, omi tí wọ́n fi ń yọ́ ọ̀dà. Ìdérí díńgí ẹ̀gbẹ́ ni mo kọ́kọ́ fi dán an wò, torí òun náà ti gba ọ̀dà sára. Rọ́bà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ̀ mọ́ àkísà, ó ń fà bí ṣíńgọ́ọ̀mù. Ibẹ̀ ni bàbá tó ń kun mọ́tò ní àdúgbò wa ti rí mi.

"Ọmọ mi, gbé tínà yẹn sílẹ̀. Rọ́bà kì í ṣe irin."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?"

Wọ́n ní kí n yí inú báńpà síta. Lẹ́tà tó ń sọ irú rọ́bà tó jẹ́ wà níbẹ̀: PP. Ti ìdérí díńgí ni ABS, irú rọ́bà mìíràn. Tínà máa ń yọ́ ABS. PP ní tirẹ̀ kì í jẹ́ kí ọ̀dà di òun mú, àfi kí èèyàn kọ́kọ́ fọ́n práímà, ọ̀dà ìpìlẹ̀, tí wọ́n ṣe fún rọ́bà sí i, èyí tí n kò rà. Ihò wínníwínní yẹn, oje tí mo fi ń dán táyà ló fà á: ó ti ta sára báńpà, sílíkónì, ohun yíyọ̀ tí ọ̀dà máa ń sá fún, sì wà nínú rẹ̀.

Bàbá ní kí n má fọwọ́ kàn án fún ọjọ́ méjì, torí ọ̀dà tútù máa ń dì mọ́ sáńpépà ni. Lẹ́yìn náà, mo fi sáńpépà 600 (bí nọ́ńbà rẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni ojú rẹ̀ ṣe kúnná tó) wé igi pẹlẹbẹ, mo ń rì í sínú omi ọṣẹ, mo ń ra ibi tó ṣàn. Igi yẹn ṣe pàtàkì gan-an: ìka lásán á gbẹ́ kòtò síbẹ̀. Níbi tó ti bó, mo fi 320 bẹ̀rẹ̀ títí èékánná mi kò fi mọ etí ọ̀dà mọ́. Mo rò pé tí mo bá ti ra ibi tó ṣàn tán, kí n kàn dán an ló kù. Rárá o. Fàdákà ní èérún irin nínú. Bí sáńpépà bá ti kàn án, ojú ibẹ̀ á ṣú, àfi kí a tún gbogbo agbègbè náà fọ́n.

Mo fi ọṣẹ ìfọwo fọ̀ ọ́, mo fi spírìtì nù ún, mo sì fi àkísà mìíràn gbẹ ẹ́ kó tó fẹ́ lọ. Práímà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ síbi tí rọ́bà ti yọjú. Ọ̀dà wá tẹ̀ lé e: agolo jìnnà tó 25 sẹ̀ǹtímítà, ọwọ́ mi ti ń lọ kí ọ̀dà tó jáde, mo sì tẹ̀ ẹ́ dé òdìkejì báńpà kí n tó fi í sílẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ìṣẹ́jú 10 láàárín wọn.

Mo ṣì ṣi ìkan ṣe. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo fọ́n kílíà, òjò sì ti ṣú láti apá ọ̀sà. Ó funfun bí ògì. Ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ló há sí i lábẹ́. Ọjọ́ kejì, oòrùn mú díẹ̀ kúrò. Mo fi 1000 ra ìyókù, mo sì tún kílíà fọ́n ní aago 11 àárọ̀, nígbà tí ilẹ̀ ti gbẹ. Ó dán gbinrin.

Báńpà ti padà sára mọ́tò báyìí. Ìdérí díńgí ló ṣì ní àpá tínà lára, mo ń wá òmíràn rà.