Kí ẹ tó ra brain box tuntun fún mọ́tò yín

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ti fi tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnnì, sí mọ́tò tó ń gbé lọ síbi iṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó brain box tuntun, ìyẹn kọ̀ǹpútà kékeré tó ń darí ẹ́ńjìnnì. Ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó máa bá yín ṣètò rẹ̀. Èyí tí ẹni yẹn mọ̀ dunjú ni kí ẹ rà, ìbáà ṣe Link, Haltech tàbí MaxxECU. Brain box olówó ńlá tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nítòsí yín, ìnáwó òfo ni.

Nígbà míì, èyí tó bá ọkọ̀ wá ṣì tó. Ẹ̀rọ kékeré kan tó ń jẹ́ Hondata FlashPro ń yí ètò inú brain box Honda Civic Si ti 2006 sí 2011 padà láìtú u.

Wáyà CAN ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Nínú ọkọ̀ òde òní, orí rẹ̀ ni brain box ti ń bá dáṣíbọọ̀dù, jíà ọtomátíìkì àti bíréèkì ABS sọ̀rọ̀. Bí brain box tuntun kò bá lè sọ̀rọ̀ lórí wáyà yẹn, AC lè kọ̀, jíà lè máa ta. Mo fara mọ́ èyí tí wọ́n ṣe fún irú ọkọ̀ yín gan-an, tó ń wọ ojú ihò ti àtijọ́, láìgé wáyà kankan.

Ẹ rí i pé brain box náà lè gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì bá ń kan (knock), kó sì mú kí iná púlọ́ọ̀gì pẹ́ díẹ̀ kó tó tàn, fúnra rẹ̀. Níbi tí epo kì í ti í rí bákan náà, èyí ló ń gba písítìnnì là.

Ẹ̀yin tó wà ní California, ẹ bèèrè nọ́ńbà EO, ìyẹn nọ́ńbà àṣẹ láti ọ̀dọ̀ CARB, àjọ tó ń rí sí afẹ́fẹ́ ní ìpínlẹ̀ náà, kí ẹ tó rà á.