Ìgbà Tó Yẹ Kí A Fi Agbára Ta Káàdì Ẹlẹgẹ́ Nínú Póòkà

Ẹ jẹ́ kí a jókòó sídìí tábìlì kan ná. Póòkà Texas Hold'em ni a ń ta, níbi tí olúkúlùkù ti ń mú káàdì méjì, tí wọ́n sì ń ṣí márùn-ún tó jẹ́ ti gbogbo ènìyàn sílẹ̀. Owó ìbẹ̀rẹ̀, tí ẹni méjì ń fi sílẹ̀ ní dandan, jẹ́ dọ́là 1 àti dọ́là 2, olúkúlùkù sì ní dọ́là 200 níwájú. 9 méjì ni ẹ mú, ọ̀kan jẹ́ sípéèdì, ọ̀kan jẹ́ kílọ́ọ̀bù. Ẹ fi dọ́là 10 lélẹ̀, ẹni méjì bá yín san án (ọ̀kan nínú wọn ni ẹni tó ti fi dọ́là 2 ìbẹ̀rẹ̀ sílẹ̀), àwọn yòókù sì da káàdì wọn nù, owó àárín wá di dọ́là 31. Káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣí sílẹ̀ ni 8 hàátì, 6 hàátì àti 2 kílọ́ọ̀bù. 9 yín ga ju gbogbo ohun tó wà nílẹ̀ lọ, ó sì ṣeé ṣe dáadáa pé ẹ̀yin ni ẹ wà níwájú. Ṣé kí ẹ kan tábìlì, ìyẹn kí ẹ kọjá láìfi owó lélẹ̀, kí káàdì mìíràn jáde lọ́fẹ̀ẹ́ ni, àbí kí ẹ fi owó tó nípọn lélẹ̀?

Irú ọwọ́ báyìí ni mo ń pè ní káàdì ẹlẹgẹ́: òun ló ń borí lọ́wọ́lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò lágbára láti dúró síbẹ̀ bí káàdì bá ń jáde sí i. Ẹni tó bá mọ ayò ta yóò tètè mọ ohun tí mò ń sọ, nítorí ilé tó ní ọmọ kan tàbí méjì kì í ṣe ilé tí ọ̀tá máa ń wò kọjá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sọ ni pé, níwọ̀n ìgbà tí káàdì náà ti lè bà jẹ́, dandan ni kí a fi owó ńlá dáàbò bò ó. Apá kan òtítọ́ nìyẹn, ó sì ti ná àwọn ẹlòmíràn ní owó púpọ̀. Kí káàdì jẹ́ ẹlẹgẹ́ nìkan kò tó ìdí láti fi agbára ta á. Ó tún gbọ́dọ̀ jẹ́ pé àwọn tí wọ́n wà lẹ́yìn yín ṣì fẹ́ sanwó láti máa lé yín bọ̀. Bí kò bá sí irú wọn, àwọn tó ti kọjá yín nìkan ni owó ńlá yín yóò rí pè.

Ẹ kọ́kọ́ ka àwọn káàdì tó lè bà yín jẹ́, kí ẹ má ṣe fi ojú inú díwọ̀n wọn. Káàdì 52 ló wà, ẹ ti rí 5, ó ku 47. 10, Jáàkì, Ayaba, Ọba àti Éèsì jẹ́ mẹ́rin mẹ́rin, ìyẹn 20. Àwọn hàátì tí kò ga ju 9 lọ ṣì ku 6, a sì ní láti ka 9 hàátì pàápàá mọ́ wọn, torí pé bó ti ń fún yín ní 9 kẹta ló lè máa parí hàátì márùn-ún, ọwọ́ tó borí 9 mẹ́ta, fún ẹlòmíràn. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 26 nínú 47, ó ju ìdajì lọ. Bí a bá tilẹ̀ gbàgbé hàátì, àǹfààní pé káàdì kan tó ga ju 9 yóò jáde nínú méjì tó kù lé díẹ̀ ní ìdá 67 nínú 100. Ká ní Ayaba méjì ni ẹ mú lórí ilẹ̀ kan náà, Ọba àti Éèsì nìkan ni ẹ ó máa ṣọ́ra fún, ìyẹn káàdì mẹ́jọ, àǹfààní ọ̀hún yóò sì lọ sílẹ̀ sí nǹkan bí ìdá 31. Éèsì méjì kò ní irú ìṣòro yìí rárá.

Kì í ṣe pé gbogbo káàdì 26 wọ̀nyẹn ni yóò bá alátakò yín mu. Ìpalára wọn ni pé, bí ọ̀kan bá ti jáde, ẹ kò ní mọ ibi tí ẹ dúró mọ́. Ẹni tó mú Ọba àti Ayaba, tí ì bá ti da káàdì rẹ̀ nù, lè rí Ọba gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí kò sì rí nǹkan kan gbà lè fi owó dẹ́rù bà yín títí tí ẹ ó fi ju káàdì tó dára jù sílẹ̀ fún un.

Ọ̀rọ̀ wá kan iye owó. Bí ẹ bá fi dọ́là 20 lélẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀lé yín yóò san 20 kí ó lè du dọ́là 71 lápapọ̀, kò sì ní jẹ èrè àfi bí ó bá lè borí ju ìgbà 28 lọ nínú 100. Ẹni tó ní hàátì méjì lọ́wọ́ ní káàdì mẹ́sàn-án tó lè gbà á, ìyẹn ìdá 19 nínú 100 lórí káàdì kẹrin. Ẹni tó ní Ọba àti Ayaba tí kì í ṣe hàátì ní káàdì mẹ́fà, ìdá 13 péré. Àwọn méjèèjì ń ra ọjà ní owó tó ju iye rẹ̀ lọ. Bí Ọba àti Ayaba bá sì sá, ẹ ti jèrè náà, nítorí pé, bó bá rí káàdì méjèèjì tó kù, ìdá 24 nínú 100 ni àǹfààní rẹ̀ láti bá ọ̀kan nínú wọn mu. Ẹni tó ń wá hàátì ní ìdá 35 bó bá rí káàdì méjèèjì, ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ó san ẹ̀ẹ̀kan kí ó rí ẹ̀ẹ̀mejì. Bí hàátì kẹta bá sì jáde tí ẹ tún san gbogbo owó yín fún un, ẹ ti fi ọwọ́ ara yín dá gbogbo ohun tó san jù padà fún un.

Dọ́là 5 kò dáàbò bo nǹkan kan, torí pé ìdá 12 nínú 100 ni ó ń béèrè, kò sì sí ẹni tí kò ní rí i san. Dọ́là 150 pẹ̀lú kò dára: hàátì yóò sá, 8 kan ṣoṣo yóò sá, ẹni tó ní 8 mẹ́ta nìkan ni yóò fi ẹ̀rín sanwó náà.

Nítorí náà, ẹ ka àwọn tí yóò san. Lórí 8, 6, 2 tiwa yìí, wọ́n pọ̀: Éèsì pẹ̀lú 8, 10 pẹ̀lú 8, 7 méjì, 7 pẹ̀lú 5, àti hàátì lóríṣiríṣi. Ìdí tó mú kí dọ́là 20 tọ̀nà nìyẹn, ju ìbẹ̀rù Ọba lọ.

Ẹ fi èyí wé Ọba méjì lórí Éèsì, 7 àti 2 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ oríṣi ọ̀tọ̀. Àyà máa ń já ènìyàn níbẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ka káàdì, ẹ ó rí i pé ọwọ́ náà kì í ṣe ẹlẹgẹ́ rárá. Ẹni tó ní Éèsì ti kọjá yín. Ẹni tí kò ní in kò ní ju káàdì díẹ̀ lọ tó lè gbà á. Owó ńlá yóò lé ẹni tó ní 7 lọ, yóò sì pe ẹni tó ní Éèsì wọlé. Ẹ kan tábìlì, kí ẹ fi owó kékeré lélẹ̀ nígbà tó bá yá.

Àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ pàápàá ti kọsẹ̀ níbí. Ní ọdún 1988, nínú ìdíje World Series of Poker ní ilé tẹ́tẹ́ Binion's Horseshoe ní Las Vegas, Johnny Chan àti Erik Seidel nìkan ló kù. Ayaba àti 7 wà lọ́wọ́ Seidel, Jáàkì àti 9 wà lọ́wọ́ Chan, káàdì mẹ́ta àkọ́kọ́ sì jẹ́ Ayaba, 10 àti 8. Seidel ti bá káàdì tó ga jù nílẹ̀ mu, ilẹ̀ náà sì kún fún ewu, nítorí náà ẹlẹgẹ́ ni Ayaba rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n káàdì Chan ti tò tẹ̀léra láti 8 dé Ayaba, ọwọ́ tó borí Ayaba méjì, ó sì rọra ń dúró. Nígbà tí Seidel ti gbogbo owó rẹ̀ síwájú, Chan sanwó, ó sì gba ìdíje náà ní ẹ̀ẹ̀kejì léraléra. Mi ò lè dá Seidel lẹ́bi pé ó gbàgbọ́ nínú Ayaba rẹ̀. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé àwọn ọwọ́ tó kéré ju Ayaba tí yóò san gbogbo owó yẹn kò pọ̀ mọ́.

Iye ènìyàn tó wà nídìí owó náà ń yí ìṣirò padà. Bí ẹ bá mú Éèsì àti Jáàkì, tí ilẹ̀ jẹ́ Jáàkì, 10 àti 9, tí ẹni mẹ́rin sì ń bá yín ta, ẹ lè rò pé àkókò ààbò nìyí. Aṣọ ò bá Ọ̀mọ́yẹ mọ́. Ó ṣeé ṣe jù pé ẹnì kan ti borí yín ná, àwọn yòókù sì ní káàdì púpọ̀ tó lè gbà wọ́n. Ẹ kan tábìlì, kí ẹ sì múra láti jáde. Ní ti ìjókòó, bí ẹni tó wà lápá ọ̀tún yín bá fi owó lélẹ̀, tí ẹni méjì sì ń bọ̀ lẹ́yìn yín, owó tí ẹ bá fi kún un ni yóò mú kí iye náà wúwo fún àwọn méjì ọ̀hún.

Ẹ wo owó tó kù níwájú yín pẹ̀lú. Dọ́là 190 lórí dọ́là 31 jẹ́ ìlọ́po mẹ́fà, àyè ṣì wà láti fi owó lélẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí a sì tún lè jáwọ́. Ká ní dọ́là 60 ló kù, mo lè ti gbogbo rẹ̀ síwájú láìronú jìnnà. Ká ní dọ́là 600 ni, 9 méjì kò yẹ ní ohun tí ènìyàn ń kó irú owó bẹ́ẹ̀ lé lórí. Bí ẹnì kan bá sọ dọ́là 20 yín di 70, ní tábìlì kékeré báyìí, èmi yóò jáwọ́, àyàfi bí mo bá ti rí i kí ẹni náà máa fi irú owó yẹn lé hàátì.

Ká ní ẹnì kan san dọ́là 20 náà, tí èkejì sá, owó àárín ti di 71. Bí káàdì kẹrin bá jẹ́ 2 sípéèdì, kò sí ohun kan tó yí padà. Ẹ fi dọ́là 45 lélẹ̀ láìṣiyèméjì. Bí ó bá jẹ́ Ọba hàátì, ẹ kan tábìlì, bí alátakò bá sì fi owó ńlá dáhùn, ẹ jẹ́ kí ó máa gbé e lọ.

Lórí káàdì karùn-ún, ọ̀rọ̀ ààbò ti tán, torí pé káàdì kankan kò bọ̀ mọ́. Bí ó bá jẹ́ 3 dáyámọ́ńdì, dọ́là 161 ló wà láàárín, 125 sì kù lọ́wọ́ yín. Ẹni tó ń lé hàátì kò ní san kọ́bọ̀. Éèsì pẹ̀lú 8 lè san 50, ṣùgbọ́n kò dájú pé yóò san 125. Bí alátakò yín bá jẹ́ ẹni tó máa ń tẹ̀lé ènìyàn dé òpin, ẹ fi 50 lélẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ ẹni tó máa ń fi owó dẹ́rù bani nígbà tí hàátì rẹ̀ kò bá dé, ẹ kan tábìlì kí ó fi owó tirẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì san án.