Ẹ̀yin tí ẹ ń sáré ní Road 1, nínú ọgbà OAU
Ẹ kú ìdárayá o, ẹ̀yin ará Ifẹ̀. Lọ́jọ́ tí eré bá jẹ́ wẹ́rẹ́, ẹ jọ máa sá a pọ̀. Ẹni tí kò bá lè sọ̀rọ̀ geere lẹ́nu eré ti yára jù, kó dẹwọ́. Lọ́jọ́ òkè, kí kálukú sá ìwọ̀n agbára tirẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé orí òkè, kó rọra sá padà lọ pàdé àwọn tó kù (ẹ má dúró máa tẹ fóònù!).

Nínú ìdíje cross country (eré ọ̀nà jíjìn lórí pápá àti òkè), eléré 7 ni ẹgbẹ́ sábà máa ń kó jáde, ipò àwọn 5 àkọ́kọ́ ni wọ́n ń rò pọ̀, ẹgbẹ́ tí iye tirẹ̀ bá kéré jù ló borí. Nítorí náà, ẹni karùn-ún yín ni kẹ́ ẹ máa tì lẹ́yìn jù, kì í ṣe ìràwọ̀ yín.